Òfin Èkó kì í sọdá wọ Àkútè

Lọ́jọ́ tí láńlọ́ọ̀dù fún ìyá ìbejì kan tó ń gbé ní Àkútè ní ìwé pé kó kó jáde, kò sunkún rárá. Fóònù ló gbé wá bá mi. Ẹnìkan ti fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, wọ́n sì kọ "ÒFIN NÀÌJÍRÍÀ" gàdàgbà sókè rẹ̀. Wọ́n ní tẹ́náǹtì tó bá ń san owó ilé lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba nótíìsì oṣù mẹ́fà, àti pé láńlọ́ọ̀dù tó bá gbowó ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ tẹ́náǹtì tuntun lè fẹ̀wọ̀n jura.

Mo kà á tán, mo ní, "Ìyá ìbejì, òótọ́ ni wọ́n kọ o, àmọ́ òfin Èkó ni."

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo Ìjú lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Ṣé kì í ṣe Èkó la wà ni?"

Kì í ṣe Èkó. Ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ ni Àkútè wà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Èèyàn lè máa ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, kó máa nájà ní Agége, kó sì máa sùn lábẹ́ òfin Ògùn lálaalẹ́ láìmọ̀. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn: ọ̀rọ̀ àgbà yìí bá ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ wa mu ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ló pín iṣẹ́ òfin ṣíṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ ti Abuja, ìyẹn ìjọba àpapọ̀, nìkan, bíi owó náírà, iṣẹ́ ológun àti ìwé ìrìnnà. Àwọn kan wà tí Abuja àti ìpínlẹ̀ jọ ní. Èyí tí kò bá sí nínú méjèèjì, ti ìpínlẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ilé tí a gbà gbé bọ́ sí. Kò sí "òfin tẹ́náǹtì ti Nàìjíríà" níbì kankan. Ti Èkó wà, ti Ògùn wà, ti Ọ̀yọ́ wà. Wọ́n lè jọra níbì kan, kí wọ́n sì yàtọ̀ síra níbòmíràn.

Àwọn ará Èkó pàápàá kì í sábà ka tiwọn tán. Ọdún 2011 ni Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí i. Lóòótọ́ ló ní kí láńlọ́ọ̀dù má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ tẹ́náǹtì tuntun. Àmọ́ ẹni tó san án náà ti rú òfin, nítorí ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ni owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta wà fún. Oṣù mẹ́fà tí gbogbo ayé ń pariwo ńkọ́? Ìgbà tí àdéhùn tí tẹ́náǹtì àti láńlọ́ọ̀dù jọ fọwọ́ sí kò bá sọ nǹkan kan nípa nótíìsì nìkan ni òfin yẹn fi oṣù mẹ́fà síbẹ̀ fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún. Bí àdéhùn yín bá ti sọ iye oṣù, àdéhùn yín la máa kọ́kọ́ wò. Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ kan pàtó lẹ ti dá pé àdéhùn ilé á parí, tí ọjọ́ náà sì pé, nótíìsì ọjọ́ méje péré ló kù kí láńlọ́ọ̀dù tó lọ sí kọ́ọ̀tù.

Òfin yẹn ò tilẹ̀ ká gbogbo Èkó mọ́. Wọ́n yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.

Ohun mìíràn tó tún ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pípe àbá òfin ní òfin. Ní 2025, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ń gbé àbá tuntun lórí ọ̀rọ̀ tẹ́náǹtì yẹ̀ wò, kíá ni àwọn èèyàn ti ń pín in kiri pé "òfin tuntun ti dé." Àbá tí wọ́n ṣì ń jíròrò kì í ṣe òfin. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá gómìnà ti fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ilé, ibi tó sì dùn mí jù nìyí. Ní oṣù karùn-ún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní VAPP, tó dojú kọ ìfipábánilòpọ̀ àti lílu ìyàwó. Wọ́n ń pín in fún àwọn obìnrin káàkiri bíi pé ó ká gbogbo ilẹ̀ yìí mọ́, bẹ́ẹ̀ òfin náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé kọ́ọ̀tù gíga Abuja nìkan ló lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù ní Adó-Èkìtì ní òfin tirẹ̀ nílé: ọdún 2011 ni Èkìtì ti ṣe é, ọdún mẹ́rin ṣáájú VAPP. Èkó ti ṣe tiwọn lórí ìwà ipá inú ilé láti 2007. Ọdún 2007 yẹn kan náà ni Èkó ṣe òfin tó ní kí ọlọ́pàá má mú ìyá dípò ọmọ, ìgbà tó di 2015 ni Abuja ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ṣe ni ìpínlẹ̀ ń wo ẹnu Abuja, kó wo àwọn ọdún wọ̀nyí dáadáa.

Àmọ̀tẹ́kùn ńkọ́? Orúkọ kan náà, ilẹ̀ Yorùbá kan náà, Ìbàdàn sì ni wọ́n ti ṣí i ní oṣù kìn-ín-ní 2020. Síbẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ mẹ́fà ló jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ṣe òfin rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tó kárí lóòótọ́. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kárí. Ní 1986, ó bá ìjọba Èkó wí pé wọ́n fipá lé Odumegwu Ojukwu jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kọ́ọ̀tù. Nítorí náà, láńlọ́ọ̀dù tó bá ń ṣí páànù lórí tẹ́náǹtì, ìbáà jẹ́ Èkó tàbí Ògùn, kó má rò pé òfin wà lẹ́yìn òun.

Mo ní kí ìyá ìbejì gbé fóònù sílẹ̀, kó lọ mú àdéhùn ilé rẹ̀ wá. Inú àpò báàgì tí ìwé ilé ìwé àwọn ọmọ wà ló ti yọ ọ́, epo ti kán sí i létí kan. A jọ kà á láti òkè. Ní ojú ewé kejì, lókè ibi tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nótíìsì oṣù mẹ́ta. Oṣù kan ni láńlọ́ọ̀dù fún un.