Apẹ̀rẹ̀ Méjì Lókè: Bí Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn Kubwa, ní Àbújá, tó mú, àwa ti wà lórí kọ́ọ̀tù. Tí ọyẹ́ bá dé, a máa ń kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀, ká gbá eruku kúrò nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀. Àdúrà ló máa ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni básíkẹ́tì. Bàbá alàgbà kan ní ìjọ wa ti sọ fún mi rí pé eré ayé ni, kí n yáa fi àkókò yẹn ka Bíbélì. Mi ò bá bàbá jiyàn. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí wọ́n mọ ẹni tó dá eré yìí sílẹ̀.

James Naismith ni orúkọ rẹ̀. Kánádà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1861, bàbá àti ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tó ṣì kéré. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní Montreal kó lè di pásítọ̀, àmọ́ kò yé gbá rọ́gíbì. Àwọn kan lára akẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gba ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù! Lọ́jọ́ kan lórí pápá, inú bí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èébú sì bọ́ lẹ́nu ẹni náà. Ló bá yíjú, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Naismith: ó ti gbàgbé pé Naismith wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Naismith lára. Ó rí i pé èèyàn lè ṣiṣẹ́ Ọlọ́run lórí pápá bíi lórí pẹpẹ.

Ní 1890 ó lọ sí Springfield, ní Amẹ́ríkà, sí ilé ẹ̀kọ́ YMCA, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin Onígbàgbọ́ tí George Williams dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1844. Nígbà òtútù ọdún 1891, kíláàsì kan wà níbẹ̀ tí eré ìdárayá inú ilé ti sú. Luther Gulick, ọ̀gá Naismith, fún un ní ọjọ́ 14 kó wá eré tuntun. Ó kọ́kọ́ gbé eré ìta wọlé, wọ́n sì ń ṣe ara wọn léṣe.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà nìyí. Naismith bi ara rẹ̀ pé kí ló ń mú káwọn èèyàn máa rọ́ lu ara wọn. Ó rí i pé torí ẹnì kan gbé bọ́ọ̀lù, ó ń sáré ni. Nítorí náà, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré. Tí ojúlé tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí bá sì wà nílẹ̀, agbára ni wọ́n máa fi sọ bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kó wà lókè orí, kó dojú kọ òkè, kó lè jẹ́ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìkan ló máa wọlé. Ó bẹ ẹni tó ń tọ́jú ilé náà fún àpótí méjì. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso píìṣì ni ọkùnrin náà rí. Wọ́n kàn wọ́n mọ́ bákónì ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Òfin 13, èèyàn 9 níhìn-ín, 9 lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá a nínú oṣù Disẹ́ńbà.

Òfin karùn-ún nínú wọn ló kàn mí jù: má ṣe fi èjìká gbá ẹnikẹ́ni, má dì í mú, má tì í, má fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, má lù ú. Mo ti ka ìkóra-ẹni-níjàánu nínú Gálátíà láti kékeré, mo sì lè kà á lórí. Àmọ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin kan gba bọ́ọ̀lù mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi èjìká gbé e ṣubú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Orúnkún rẹ̀ bó lórí kọnkéré, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde.

Ọjọ́ kejì, wọ́n tẹ́ tábìlì Olúwa. Nígbà tí àwo dé ìlà tiwa, ọwọ́ mi ò gbé e. Mo jáde síta, mo pe ọmọkùnrin náà lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán. Ṣé ẹ máa gbé bọ́ọ̀lù wá ní Sátidé?"