Bí àwo kékeré ṣe ń ṣiṣẹ́: orin Poly-Rythmo kí òkè òkun tó gbọ́ wọn

Bí wọ́n bá ṣí àpótí àwo àtijọ́ nínú ilé kan l'Ájàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, yálà nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù bàbá tó ti lọ tàbí nígbà tí wọ́n ń wá orin ìgbà náà fún ìnáwó, bébà róbótó tó wà láàárín àwo ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí. Orúkọ orin wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì wà tó ń sọ irú ijó tí orin náà jẹ́: jerk, pachanga, boléro, afro-beat, sato. Lára àwọn kan, Dahomey ni wọ́n kọ, nítorí 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè náà tó ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, Albarika Store ni orúkọ ilé àwo. Ọmọ Yorùbá tó bá ka ìyẹn kò nílò ògbufọ̀: àlùbáríkà tí à ń tọrọ sórí ọjà ni. Adissa Seidou ni ẹni tó ni ilé àwo náà ń jẹ́, ìyẹn Àdìsá, oríkì tí àwọn ìyá wa ṣì fi ń pe ọmọkùnrin dòní.

Inú irú àwo bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin Orchestre Poly-Rythmo ti dàgbà. Mélomé Clément kó ẹgbẹ́ náà jọ ní Kùtọnú ní 1968, ó sì di 2009 kí wọ́n tó kọrin káàkiri Yúróòpù. Ogójì ọdún ó lé ọ̀kan nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí orin ìbẹ̀rẹ̀ wọn fi rí bó ṣe rí, ìdí tí òmíràn fi já lójijì, ìdí tí ohùn akọrin fi dà bí ẹni pé ó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú olùgbọ́, àwo náà fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àwo kékeré fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18. Ó ń yí nígbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́ Faransé fi ń pè é ní quarante-cinq tours. Ilé iṣẹ́ RCA Victor ti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1949. Bí a bá fi ojú àgbẹ̀ wò ó, oko ni. Poro kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ létí, ó ń lọ́ yípo títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ bébà. Ògiri poro yìí kò dán. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá ni ògiri ń tì í sọ́tùn-ún tì í sósì, ẹ̀rọ á sọ ìgbọ̀nrìrì yẹn di iná díẹ̀, iná náà ló sì ń di ohùn nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè.

Oko náà kéré, gbogbo wàhálà sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀, bíi ti jìtá béèsì àti ìlù ńlá, máa ń mú kí poro fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an. Bí orin bá ṣe ń dún kíkankíkan tó ni poro kan gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì tó, kí wọ́n má baà ya wọ inú ara wọn. Ẹni tó ń gé àwo ní láti yàn: orin tó dún dáadáa tó sì kúrú, tàbí orin gígùn tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Wọ́n ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù nígbà tí wọ́n bá ń gé e, ẹ̀rọ tó ń lu àwo nílé á wá dá a padà sí bó ṣe wà. Láìsí ọgbọ́n yẹn, abẹ́rẹ́ á máa fò jáde nínú poro. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lójú kan ló dára fún orin ijó. Bó bá ti kọjá márùn-ún, agbára á ti dín.

Orin ilẹ̀ wa kì í sì í parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ wo sato. Ìlù àwọn Ègùn ni, l'Ájàṣẹ́ níbí, ó ga tó èèyàn, wọ́n sì ń lù ú fún ìrántí òkú. Ẹni tó bá ti dúró síbi tí wọ́n ti ń lu sato mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ kò tíì tó kí ara ta. Poly-Rythmo gbé ìlù sato yìí, àti ti Sakpata tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀nná, sórí jìtá oníná àti fèrè idẹ. Wọ́n ṣe èyí láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣì ń sín orin Kúbà àti ti Kóńgò jẹ, ó sì wà lára ohun tó dára jù tí orin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n báwo ni irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe máa wọ inú oko kékeré?

Wọ́n là á sí méjì. Ojú àkọ́kọ́ ń jẹ́ 1ère partie, ojú kejì ń jẹ́ 2ème partie. James Brown náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà kan náà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà là á. Ó lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ lù ú láìdúró, kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìparí ojú kìíní, kó sì gbé e sókè padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ojú kejì. Ó sì lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ ti mọ ibi tí wọ́n máa já a sí, tí wọ́n á fi igbe tàbí fèrè ṣe àmì níbẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ló ń fi ara hàn nínú ètò orin: ọ̀rọ̀ àti ègbè á kún ojú kìíní, jìtá àti ìlù á wá gba ojú kejì. Níbi ìnáwó, ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yára lọ́wọ́. Ó ní láti gbé apá abẹ́rẹ́, yí àwo, kó sì gbé e padà sórí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ àwọn oníjó tó tutù.

Bí orin kò bá pọ̀ tó ojú méjì, wọ́n á fi orin ọ̀tọ̀ sí ojú kejì. Ojú kìíní ni ti orin tí oníṣòwò gbẹ́kẹ̀ lé, èyí tí rédíò máa lù. Ojú kejì ni wọ́n fi ń dán ọjà wò: orin ní èdè mìíràn, tàbí ìlù tí kò tíì wọ́pọ̀. Ẹgbẹ́ kan náà lè kọrin ní Fọ̀n, ní Mina, ní Yorùbá, ní Faransé, nítorí àwo tí wọ́n bá tà ní Kùtọnú gbọ́dọ̀ rí olùrà l'Ájàṣẹ́, ní Lómè àti ní Èkó pẹ̀lú. Gnonnas Pedro, olórin Bẹ̀nẹ̀ náà, kọ orin kan tó pè ní Feso Jaiye, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń sọ ọ́ nílé. Àwọn tó bá ń wá orin tó ṣọ̀wọ́n máa ń kọ́kọ́ yí àwo sí ojú kejì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn àwọn olórin ti máa ń balẹ̀ láti ṣe ohun tó wù wọ́n.

Owó gbígbóhùn kì í ti ọwọ́ olórin wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, jìtá àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè pàápàá kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó ni ilé ijó ló ni wọ́n. Oníṣòwò àwo ló ń san owó sítúdíò, owó ọkọ̀, owó títẹ àwo àti ti bébà rẹ̀. Òun náà ló ń jẹ gbèsè bí àwo kò bá tà. Nítorí èyí ni téèpù fi ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀rọ̀ téèpù yìí sì máa le lẹ́yìn ọ̀la.

Fún Albarika, sítúdíò EMI ní Èkó ni Poly-Rythmo ti gba ọ̀pọ̀ ohùn sílẹ̀. Láti Kùtọnú, ọkọ̀ lè gba etí òkun lọ sí Sèmè, ó sì lè gba Àjàṣẹ́ wá, kó bọ́ sí Ìgólò, kó kọjá ní Ìdíìrókò. Oníṣòwò ní láti pààrọ̀ owó sẹ́fà rẹ̀ sí pọ́n-ùn, àti sí náírà láti oṣù kìíní 1973. Wákàtí sítúdíò lówó lórí. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ ti mọ orin náà tinú tẹ̀yìn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ilé ijó tí wọ́n ti ń lù ní alaalẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé Èkó, wọ́n á kàn tú u jáde ni.

Àwọn ilé àwo kéékèèké tí wọ́n tún ṣiṣẹ́ fún kò ní owó Èkó. Inú ilé ni wọ́n ti gba àwọn orin wọ̀nyẹn sílẹ̀, pẹ̀lú Nagra, ẹ̀rọ téèpù ilẹ̀ Switzerland tí àwọn oníròyìn rédíò máa ń gbé kọ́ èjìká. Bí gbohùngbohùn kò bá ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé ohùn ẹnì kan sókè kí wọ́n sì rẹ ti ẹlòmíràn sílẹ̀ lẹ́yìn tí orin bá ti parí. Ibi tí oníkálukú dúró sí ni yóò sọ bí orin ṣe máa dún. Akọrin á sún mọ́ gbohùngbohùn. Onífèrè á fà sẹ́yìn, bóyá kó tiẹ̀ kọjú sí ògiri. Onílù á lọ jìnnà pátápátá. Bí ẹnì kan bá ṣìnà ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí èyí ń mú wá kò sí nínú àwo tí wọ́n ṣe ní sítúdíò ńlá: atẹ́gùn ilé náà gan-an wà nínú orin, ohùn ìlù ń lu ògiri padà, àwọn olórin sì ń tẹ́tí sí ara wọn nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, àwọn orin inú ilé wọ̀nyẹn ló lágbára jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn.

Iṣẹ́ tó kù jẹ́ ti ilé ìtẹ àwo. Wọ́n á lu téèpù, ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ mímú á gé poro sójú ọ̀dà rírọ̀ tí wọ́n kùn sára irin. Wọ́n á fi fàdákà bò ó, wọ́n á jẹ́ kí irin níkẹ́ẹ̀lì dì mọ́ ọn nínú omi oníná, wọ́n á sì ṣí irin náà kúrò. Ohun tó jẹ́ poro ti di ebè lára irin yìí. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí òǹtẹ̀, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi ìṣù ike gbígbóná sáàárín òǹtẹ̀ méjì pẹ̀lú bébà rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi omi mú un tutù, wọ́n á gé etí rẹ̀. Kò sí gọ́ọ̀mù lára bébà àwo; títẹ̀ yẹn náà ló lẹ̀ ẹ́. Òǹtẹ̀ máa ń gbó. Bí oníṣòwò kò bá sanwó fún òmíràn, àwo náà tán nìyẹn, àfi èyí tó wà nílé àwọn èèyàn.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ orin ṣe sùn fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí àwọn tó ń kó àwo jọ láti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí wá, àwo tí ilé kan ti gbàgbé ni wọ́n ń rà. Ilé iṣẹ́ Soundway ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àkójọ orin Poly-Rythmo jáde ní 2004. Analog Africa ti Jámánì tẹ̀ lé e: ní 2008, àwọn orin ilé àwo kéékèèké, ní 2009, ti Albarika. El Rego náà, olórin tó ń jẹ́ Théophile do Rego, ọmọ tí wọ́n bí l'Ájàṣẹ́, rí àwọn àwo kékeré tirẹ̀ nínú àkójọ kan tí ilé àwo Daptone ti New York ṣe ní 2011.

Kí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ tó jáde bó ṣe yẹ, ìyọ̀ǹda méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ orin, nítorí orin jẹ́ tirẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́ sí àwo. Èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tó sanwó gbígbóhùn, tí téèpù wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn tó ń kọ orin ní Bẹ̀nẹ̀ jáde ní 1984, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwo wọ̀nyí ti wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orin kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ó dùn wá pé olórin ní láti fi ẹnu lásán ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Gbeti Madjro wà lára àwọn orin ìgbà Albarika tó mú ẹgbẹ́ náà lókìkí nílé. Nígbà tí wọ́n ṣe Cotonou Club ní 2011, àwo tuntun tí wọ́n ṣe fún ọjà òkèèrè, orin yẹn ni wọ́n tún padà lù, pẹ̀lú ohùn Angélique Kidjo, akọrin ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Mélomé Clément gbọ́ ọ kó tó kú ní oṣù kejìlá 2012.

Ẹni tí àpótí bá bọ́ sí lọ́wọ́ l'Ájàṣẹ́ lónìí, kó to àwo lóòró, kó má tò wọ́n lé ara wọn, kó sì má gbé wọn sí ibi tí oòrùn ń pa, nítorí ike náà ń wọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó wá rà á tó dé, kó gbé àwo kọ̀ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀. Láàárín ibi tí poro parí sí àti etí bébà, nọ́ńbà kékeré kan máa ń wà tí ilé iṣẹ́ há síbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń so àwo mọ́ òǹtẹ̀ àti téèpù tó ti wá. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, ti ojú méjèèjì, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó wà lórí bébà.