Bí bàlúù ajubọ́ǹbù ṣe fò kọjá ilé rẹ̀ lóru: ọ̀rọ̀ Lady Be Good

Ẹ̀rọ rédíò tó ń tọ́ bàlúù sọ́nà ni mò ń tún ṣe jẹun. Bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ ìtàn Lady Be Good, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: awakọ̀ béèrè ọ̀nà, wọ́n sì dá a lóhùn, báwo ló ṣe wá sọnù? Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ààbọ̀ ìdáhùn ni wọ́n fún un. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ẹ̀rọ rédíò ò mọ ìyẹn.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1943 ni, Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn bàlúù B-24 ti Amẹ́ríkà gbéra ní Soluch, lẹ́bàá Benghazi ní Líbíà, wọ́n fẹ́ lọ ju bọ́ǹbù sí èbúté Naples ní Ítálì. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú Lady Be Good. William Hatton ló ń wà á, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jọ lọ sójú ogun sì nìyẹn. Ìjì iyanrìn ń jà, iyanrìn wọnú ẹ́ńjìnnì àwọn kan, wọ́n ṣẹ́rí padà. Nígbà tí àwọn tó kù fi máa dé Naples, ilẹ̀ ti ń ṣú, wọn ò rí ibi tí wọ́n ń wá dáadáa. Lady Be Good nìkan ló wá ń dá bọ̀ lójú òkun nínú òkùnkùn.

Agogo méjìlá òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí Hatton pe ibùdó Benina, pápákọ̀ òfuurufú kan lẹ́bàá Benghazi. Ó ní ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀nà nínú bàlúù òun ò ṣiṣẹ́, kí wọ́n bá òun wo ibi tí òun wà. Wọ́n ní 330 dígírì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bàlúù wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Benina, lójú òkun, kó máa bọ̀.

Áńténà roboto ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó jókòó tì í á máa yí i, á sì máa fetí sí ohùn bàlúù. Bí ẹ̀gbẹ́ áńténà bá kọjú sí bàlúù, ohùn á dún ketekete. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ gbalaja ló kọ sí i, ohùn á lọ sílẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ibi tó ti dákẹ́ la fi ń ka dígírì, torí pé etí tètè ń mọ ìgbà tí ohùn dákẹ́ ju ìgbà tó pọ̀ jù lọ. Àmọ́ bí ẹ bá yí áńténà náà dé ìdajì, á tún dákẹ́ bákan náà. Létí ẹni tó ń yí i, 330 àti 150 ò yàtọ̀. Ojú òkun ni ọ̀kan, inú aṣálẹ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn ni èkejì.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé bàlúù ti ré etíkun kọjá láìmọ̀. Ká ní ẹ ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ lóru, Ìbàdàn lẹ fẹ́ sùn, ẹnì kan wá sọ fún yín lórí fóònù pé ojú ọ̀nà tó tọ́ lẹ wà, kẹ́ ẹ máa bọ̀. Bí ẹ bá ti kọjá Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú Òde lọ̀rọ̀ yẹn máa gbé yín lọ.

Ọgbọ́n rẹ̀ ti wà tipẹ́. Wọ́n máa ń fi áńténà olóòró kún ti roboto. Tí àmì méjèèjì bá pàdé, apá kan á lágbára, apá kejì á kú, iwájú á yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Bí kò bá sí ìyẹn, awakọ̀ lè yà sí ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tún pè: bóyá dígírì ń dín tàbí ó ń pọ̀ sí i ló máa fi apá tó wà hàn. Ibùdó kejì tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́ náà lè bá a wò ó, ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni bàlúù wà. Mi ò bá ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ní Benina wí o. Bàlúù tó ń ti Ítálì bọ̀, ta ni kò ní gbà pé ojú òkun ló wà?

Wọ́n fò wọnú aṣálẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì títí epo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní nǹkan bí agogo méjì òru, wọ́n fi páráṣúùtù bẹ́ sílẹ̀, nǹkan bí 700 kìlómítà sí Soluch. Àwọn ará ibùdó wá wọn lójú òkun, wọn ò rí nǹkan kan.

Páráṣúùtù John Woravka ò ṣí dáadáa, ó kú. Àwọn mẹ́jọ yòókù rí ara wọn. Robert Toner, igbákejì awakọ̀, ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kékeré: kò sẹ́ni tó fara pa púpọ̀, àmọ́ wọn ò rí John. Ààbọ̀ ìgò omi kan ni gbogbo wọn ní, ìdérí ìgò kan ni iye tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Wọ́n á rìn fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n á sinmi fún 5. Wọ́n to bàtà sílẹ̀, wọ́n fi òkúta tẹ àkísà páráṣúùtù mọ́lẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá wọn lè mọ ibi tí wọ́n gbà. Àríwá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń lọ, torí ọkàn wọn ṣì sọ fún wọn pé òkun ò jìnnà. Ìdáhùn orí rédíò yẹn ṣì ni wọ́n ń tẹ̀ lé lórí ilẹ̀. Wọ́n rìn ju 100 kìlómítà lọ kí márùn-ún nínú wọn tó dúró. Guy Shelley, Harold Ripslinger àti Vernon Moore ń bá a lọ láti wá ìrànlọ́wọ́. Ọjọ́ kẹjọ ni ìwé Toner parí sí.

Bàlúù fúnra rẹ̀ ń fò lọ sí gúúsù láìsí awakọ̀, ó fi ikùn balẹ̀ sórí iyanrìn. Àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ló rí i láti òkè lọ́dún 1958. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ lọ́dún 1959, rédíò rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, omi wà nínú rẹ̀, ohun mímu inú fúláàsì ṣeé mu. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ló dé tí wọn ò rìn lọ síbẹ̀. Ẹni tó bẹ́ sílẹ̀ lóru láti inú bàlúù tí epo rẹ̀ ń tán lọ, kí ló máa mú un rò pé bàlúù náà ò fọ́ túútúú? Lọ́dún 1960 ni wọ́n rí òkú àwọn márùn-ún yẹn, lẹ́yìn náà Shelley, Ripslinger àti Woravka. A ò tíì rí Moore.

Lónìí, ojú ẹ̀rọ VOR, ìyẹn rédíò tó ń tọ́ bàlúù sọ́nà, ní àmì kékeré tó ń sọ bóyá ọ̀nà tí awakọ̀ yàn ń lọ sí ibùdó tàbí ó ń kúrò níbẹ̀. Bàlúù tún ń gbé ELT, àpótí tó ń ké sí sátẹ́láìtì lórí 406 MHz fúnra rẹ̀ bí bàlúù bá forí sọlẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn tún ń dún lórí 121.5 MHz, kí àwọn tó ń wá bàlúù lè fi áńténà tọpasẹ̀ ohùn náà títí wọ́n á fi débẹ̀.