Ẹ̀jẹ̀ Inú Oyún Tí Wọ́n Tún Jí Dìde: Bí Ìtọ́jú Tuntun fún Sickle Cell Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy fún àwọn tó ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde, ìyẹn sickle cell, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 12. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu pé wọ́n ti tún jíìnì SS ṣe, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí a jogún lọ́dọ̀ òbí. Wọn ò tún un ṣe. Jíìnì tó bàjẹ́ yẹn ṣì wà níbi tó wà látọjọ́ ìbí. Ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn ń lò nígbà tó wà nínú ìyá rẹ̀ ni ìtọ́jú yìí jí dìde padà.

Hemoglobin ló ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ara, òun náà ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Nínú jíìnì tó ń pàṣẹ apá kan lára rẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo lára àwọn lẹ́tà DNA tí wọ́n fi kọ ọ́ ló ṣì: níbi tó yẹ kí lẹ́tà A wà, T ló bọ́ síbẹ̀. Nítorí lẹ́tà kan yìí, bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára hemoglobin tó ṣì yìí, tí wọ́n ń pè ní S, wọ́n á so mọ́ra wọn gbọọrọ bí okùn. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí roboto, kó sì rọ̀, á le, á tẹ̀ bíi dòjé. Kò ní lè gba inú iṣan tóóró kọjá mọ́. Á dí ọ̀nà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á sì máa ro aláìsàn bí ẹni tí wọ́n ń fọ́ eegun rẹ̀. Òun là ń pè ní kíráísísì. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó dára máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fi í tó, tí ẹyinjú rẹ̀ sì máa ń pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ọmọ SS tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í ní kíráísísì. Ìyá á gbé e relé, ara ọmọ á le koko, àfi ìgbà tó bá fẹ́ pé oṣù mẹ́fà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn déédéé wú. Dókítà ọmọdé kan ní Brooklyn, Janet Watson, ti kọ̀wé nípa èyí lọ́dún 1948. Hemoglobin tí ọmọ inú oyún ń lò yàtọ̀ ni. F ni wọ́n ń pè é, àṣìṣe yẹn kò sì sí lára rẹ̀. Bí F bá pọ̀ tó nínú sẹ́ẹ̀lì tí S wà, kì í jẹ́ kí S ráyè so mọ́ra wọn. Lẹ́yìn ìbí ni ara máa ń pa ṣíṣe F tì díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan wà tí ara wọn kò pa á tì, bí wọ́n ti jẹ́ SS tó yẹn, àìsàn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu.

Kí ló ń pàṣẹ fún ara pé kó pa F tì? Ọdún 2008 ni àwọn olùwádìí ní Boston, Stuart Orkin àti Vijay Sankaran wà lára wọn, fi hàn pé jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A ni. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní kí wọ́n kúkú pa BCL11A, kí ọ̀rọ̀ parí. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ọpọlọ àti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà nílò rẹ̀. Àmọ́ jíìnì náà ní súwíìṣì kan tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni Casgevy gé. Wọn ò já wáyà lórí òpó. Súwíìṣì yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n bà jẹ́, iná ilé yòókù ṣì ń tàn.

Àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí, nítorí àwọn ló ń bí gbogbo ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n tó kó wọn, aláìsàn á kọ́kọ́ máa gba ẹ̀jẹ̀ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí S lè wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 30 nínú 100 hemoglobin rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní oògùn plerixafor, tó ń lé ìyá sẹ́ẹ̀lì jáde láti inú eegun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn mìíràn, G-CSF, ni wọ́n sábà máa ń lò fún àwọn aláìsàn yòókù, ṣùgbọ́n ó lè dá kíráísísì tó lè pa ènìyàn sílẹ̀ lára ẹni tó jẹ́ SS. Ẹ̀rọ á wá máa fa ẹ̀jẹ̀ láti apá, á ṣẹ́ ìyá sẹ́ẹ̀lì, á dá ìyókù padà sára.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kó jẹ́ ó kéré tán mílíọ̀nù 20 ìyá sẹ́ẹ̀lì fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60 á kó bílíọ̀nù 1.2 sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mílíọ̀nù 180 péré lohun tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá padà sí i lára. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì máa ń ṣòfò nínú iṣẹ́ náà. Tí kò bá pé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi kíkó. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ kó díẹ̀ tí wọn ò fọwọ́ kàn pa mọ́ sínú yìnyín, torí ọjọ́ tí nǹkan bá yíwọ́.

Ní ilé iṣẹ́, wọ́n á fi iná mànàmáná ta sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan, kí ara rẹ̀ ṣí kí àlùmọ́gàjí CRISPR wọlé. Ó ní atọ́nà tó mọ ibi tí súwíìṣì wà, ó ní ẹnu tó ń gé. Bó bá ti gé e, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ á yára so ojú ibẹ̀ pọ̀, kò sì ní so ó dáadáa. Àpá tó ṣẹ́ kù yẹn ló sọ súwíìṣì di aláìwúlò. Èyí lè gbà tó oṣù mẹ́fà kó tó dé ọwọ́ ilé ìwòsàn.

Gígé yẹn kọ́ ló le jù. Kí sẹ́ẹ̀lì tuntun tó ráyè jókòó, ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ kúrò, oògùn kẹ́mò (chemotherapy) tó ń jẹ́ busulfan ni wọ́n fi ń lé wọn, fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹnu á bó, irun á re, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà á tán pátápátá. Ó lé ní wákàtí 48 lẹ́yìn busulfan kí wọ́n tó da sẹ́ẹ̀lì padà sínú iṣan. Aláìsàn á wà nílé ìwòsàn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà títí wọ́n á fi gbilẹ̀. Busulfan tún lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí náà ẹni tó bá ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú ẹyin tàbí àtọ̀ rẹ̀ pa mọ́.

Nínú àwọn aláìsàn 31 tí wọ́n dán ìtọ́jú náà wò lára, tí wọ́n sì tẹ̀ lé pẹ́ tó, 29 ló lo oṣù 12 gbáko láìrí kíráísísì ńlá. F máa ń tó nǹkan bí 40 nínú 100. Ọdún 15 ni wọ́n ṣì fi ń ṣọ́ wọn, bóyá àlùmọ́gàjí ṣèèṣì gé ibòmíràn.

Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n gbà kí NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa san án fún àwọn tó bá yẹ. Ní Nàìjíríà, oògùn hydroxyurea ló súnmọ́ni jù. Òun náà ń gbé F sókè, ó kàn jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń lò ó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí pé bó bá pọ̀ jù, á dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò ìgbéyàwó mọ̀. Bí ẹni tó gba Casgevy bá lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, F àti S ló máa jáde, A, ìyẹn hemoglobin tó dára, ò ní sí níbẹ̀. Wọn ò sì fọwọ́ kan ẹyin tàbí àtọ̀ rẹ̀. Tó bá fẹ́ AS, ní oyún kọ̀ọ̀kan, ìdajì ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, gẹ́lẹ́ bíi kí ó tó gbàtọ́jú.