Sátẹ́láìtì àti máàpù kọ̀ǹpútà nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀

Àwọn awọnlẹ̀ máa ń fi àmì sátẹ́láìtì mọ ibi tí igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, kí wọ́n lè yà á sórí máàpù kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì so ó mọ́ orúkọ ẹni tó ni ín. GPS ti Amẹ́ríkà ló gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ òde òní a máa gba àmì GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti Yúróòpù àti BeiDou ti Ṣáínà pẹ̀lú.

Sátẹ́láìtì GPS ń yípo ayé ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Àkókò tí àmì fi rìn ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò bí wọ́n ṣe jìnnà tó. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ rí mẹ́rin: mẹ́ta fún ipò rẹ̀, ìkẹrin fún títún aago inú rẹ̀ ṣe, torí pé bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá yẹ̀, ìjìnnà ti fi 300 mítà yẹ̀ nìyẹn.

Fóònù lè fi nǹkan bí mítà 5 ṣì í ní gbangba. Ìyẹn tó láti wá ilẹ̀ rí, kò tó láti pààlà. Fún ààlà, ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń lò ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní RTK: ọ̀kan dúró lórí ibi tí a ti mọ ipò rẹ̀, ó ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ nípasẹ̀ rédíò tàbí íntánẹ́ẹ̀tì sí èkejì tí awọnlẹ̀ gbé sórí ọ̀pá. Èyí lè dé sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, bí ẹ̀rọ bá ti kọ Fixed, ìyẹn ni pé ìṣírò rẹ̀ ti dúró. Float, tó fi hàn pé ìṣírò kò tíì dúró, kì í ṣe ìwọ̀n tí a lè gbà wọlé. Ògiri dígí àti òrùlé páànù a máa dá àmì padà, ewé igi a sì máa dí i. Nítorí náà ó dára kí a padà wọn igun kan náà lẹ́yìn wákàtí kan, nígbà tí àwọn sátẹ́láìtì ti kúrò níbi tí wọ́n wà. Ọ̀pá alára ní ẹjọ́ tirẹ̀: ọ̀pá mítà 2 tó bá fì ní dígírì 1 péré ti fi sẹ̀ǹtímítà 3.5 ṣìnà.

Àṣìṣe tó burú jù kì í ṣe ti orí pápá. Ìlànà ìpìlẹ̀ tí a fi kọ nọ́ńbà ipò sílẹ̀ yàtọ̀ síra: WGS84 ni GPS ń lò, nígbà tí ọ̀pọ̀ pílánì àtijọ́ wà lórí ìlànà orílẹ̀-èdè wọn. Bí a bá dà wọ́n pọ̀ láìyí wọn padà, ilẹ̀ lè fi ọgọ́rùn-ún mítà kúrò níbi tó wà, síbẹ̀ kí gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ jọ èyí tó péye. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ń rìn. Australia ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 sún lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí GDA2020, ìlànà ìpìlẹ̀ wọn tuntun, fi yàtọ̀ sí GDA94 tó ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí mítà 1.8. Orúkọ ìlànà àti ọdún ìwọ̀n gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà.

Lórí kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ pa dà di ti òmíràn. Àwọn tó bá bá ara wọn pààlà gbọ́dọ̀ lo igun kan náà. Bí a bá ya ti oníkálukú lọ́tọ̀, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ibi tí ilẹ̀ kan ti gun orí èkejì yóò hàn láàárín wọn. ISO 19152, ìlànà àgbáyé fún àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tó jáde ní 2012, ya ènìyàn, ẹ̀tọ́ àti ilẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹni púpọ̀ lè ní ẹ̀tọ́ oríṣiríṣi lórí ilẹ̀ kan. Bí ilẹ̀ bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, a kì í pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ parí ni a ń kọ sí i.

Ní ọ̀pọ̀ òfin, òpó ààlà tó wà nílẹ̀ láìyẹ̀ lágbára ju nọ́ńbà ipò lọ. Nítorí náà ni awọnlẹ̀ fi ń ní kí àwọn aládùúgbò wá síbi òpó, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé, kó tó tan ẹ̀rọ rẹ̀.