Tòkunbọ̀ Japan, ìwé Jámánì, nọ́ḿbà Dublin: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Frankfurt ń múra àtikó lọ sí Dublin. Ọkọ̀ rẹ̀, Nissan Skyline GT-R R34 ọdún 2000, fẹ́ bá a lọ. Tòkunbọ̀ gidi ni: Japan ni wọ́n ti kó o wọ Jámánì kí òun tó rà á. Ó da ìbéèrè bò mí, mo sì dá a lóhùn. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ asáré bíi Supra, RX-7 tàbí Corvette tó ti Amẹ́ríkà wọ Yúróòpù á rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ mi ti ní nọ́ḿbà Jámánì. Inú EU kan náà sì ni Jámánì àti Ireland wà. Kí ni mo tún ń gba nọ́ḿbà mìíràn fún?

Ibi tí ẹni tó ni ọkọ̀ fi ṣe ilé ni nọ́ḿbà ń tẹ̀lé. Bó o bá ti di ará Dublin, ọkọ̀ rẹ náà gbọ́dọ̀ di ará Dublin. Ireland kò sì fún èèyàn láyè púpọ̀: láàárín ọjọ́ 7 tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, o gbọ́dọ̀ ti gba ọjọ́ àyẹ̀wò lọ́dọ̀ NCTS, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní Ireland; láàárín ọjọ́ 30, kí gbogbo ẹ̀ ti parí.

Ṣé wọn ò ní sọ pé ọkọ̀ Japan ni, kí wọ́n dá mi padà?

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú nìyí, jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé. Àwọn èèyàn rò pé ohun tí òṣìṣẹ́ fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ọkọ̀ ti wá. Ohun tó fẹ́ mọ̀ gan-an ni ẹni tó jẹ́rìí sí i.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù máa ń ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní CoC. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ń kọ ọ́, ó ń sọ níbẹ̀ pé ọkọ̀ náà bá òfin EU mu, ẹ̀rí yẹn sì tó ní gbogbo orílẹ̀-èdè inú EU. Ẹni tó ra Porsche 911 ní Stuttgart, tí CoC rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó lè máa súfèé lọ sí Dublin.

Skyline tìrẹ kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, torí ojú títì Japan ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tó dé Jámánì, ó ní láti lọ dúró níwájú ọ̀gá ayẹ̀wòkọ̀ kan lábẹ́ abala 21 òfin StVZO. Ọ̀gá yẹn wo iná rẹ̀, bíréèkì rẹ̀, èéfín rẹ̀ àti ariwo rẹ̀, kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ yìí, òun nìkan ṣoṣo, yẹ láti rìn. Ẹ̀rí Jámánì nìyẹn. Òfin EU 2018/858, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, sọ pé irú ẹ̀rí orílẹ̀-èdè kan báyìí parí ní ibodè onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé orílẹ̀-èdè mìíràn gbọ́dọ̀ gba ọkọ̀ náà, àfi tó bá ní ìdí tó gúnmọ́ láti gbà pé ìlànà tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò kò dọ́gba pẹ̀lú ti òun. Ilẹ̀kùn pa dé lóòótọ́, wọn ò tì í ní kọ́kọ́rọ́.

Nítorí náà, má ṣe dé ibẹ̀ kó o bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé Japan. Ìwé Jámánì ni kó o kọ́kọ́ gbé síwájú wọn.

Ìwé wo gan-an?

Ìwé ọkọ̀ Jámánì, apá kìíní (Teil I) àti apá kejì (Teil II), méjèèjì. Teil I ló máa ń wà nínú ọkọ̀, òun ló sì máa ń yá èèyàn láti mú lọ. Teil II, tí wọ́n ń pè ní Fahrzeugbrief látijọ́, á wà nílé nínú àpótí. Mú un dání. Fi rìsíìtì tó o fi rà á kún un, àti ìwé tí Japan fún ọkọ̀ nígbà tó ń jáde kúrò lọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwé ìbí ọkọ̀ nìyẹn; òun ló ń fi ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bọ́ sójú títì hàn, ọjọ́ yẹn á sì ṣe pàtàkì níwájú.

Má bẹ̀rù pé òṣìṣẹ́ Dublin kò gbọ́ èdè Jámánì. Láti ìgbà òfin EU 1999/37 ni àmì lẹ́tà orí ìwé ọkọ̀ ti jẹ́ ìkan náà káàkiri. B ni ọjọ́ tó kọ́kọ́ gba nọ́ḿbà, E ni nọ́ḿbà ṣásí, P.1 ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, P.2 ni agbára rẹ̀, V.7 ni èéfín CO2.

Ohun tó máa yọ ọ́ lẹ́nu ni E. Nọ́ḿbà ṣásí ọkọ̀ Yúróòpù máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17. Ti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Japan kì í tó bẹ́ẹ̀: BNR34 ni tìrẹ á fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ḿbà díẹ̀ á tẹ̀ lé e, ó tán. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti kọ́ láti máa retí 17 lè kọ̀ ọ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òdo dí àyè tó ṣófo láti fi tẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́rùn o. Bó ṣe wà lára irin ni kó wà lórí ìwé, torí ọjọ́ tí ìwé àti irin bá ta ko ara wọn, ọkọ̀ jíjí ni wọ́n á kọ́kọ́ rò.

Sítíárìn rẹ̀ ńkọ́, tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún?

Ireland ń wakọ̀ lápá òsì bíi Japan, ilé ló ń bọ̀ wá. Àwọn tó ń gbé irú rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ló ti jìyà jù. Pólándì àti Lithuania kì í tiẹ̀ gbà á tẹ́lẹ̀, àfi tí wọ́n bá gbé sítíárìn sí òdìkejì, títí di oṣù kẹta ọdún 2014 tí ilé ẹjọ́ EU sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn lé ọkọ̀ sẹ́yìn. (Nàìjíríà náà ti jẹ ọmọ apá òsì rí, àwọn àgbà rántí oṣù kẹrin ọdún 1972 tá a yí padà.)

Iná iwájú nìkan ni kó o wò. Jámánì ti ní kí wọ́n yí i kó máa tàn sápá ọ̀tún. Ní Dublin, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa fọ́. Dá a padà sí ti Japan. Ti aago eré, kìlómítà ni Ireland ń lò láti oṣù kìíní ọdún 2005, má fọwọ́ kàn án.

Èló ló máa ná mi?

Jókòó ná.

Jámánì kì í gba owó orí ńlá kí ọkọ̀ tó gba nọ́ḿbà. Owó ọ́fíìsì díẹ̀ àti owó orí ọdọọdún ni. Ireland ń gba èyí tí wọ́n ń pè ní VRT. Iye tó o rà á kò kàn wọ́n. Wọ́n á bi ara wọn pé, bí irú ọkọ̀ yìí bá wà lọ́jà níbí lónìí, èló ni èèyàn máa rà á tòun ti gbogbo owó orí? Lórí iye yẹn ni wọ́n á ti gba ìdá kan, láti 7 sí 41 nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bí CO2 ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó. Ọkọ̀ tí tirẹ̀ bá ju gíráàmù 190 lọ lórí kìlómítà kan, 41 ni. Èyí tí kò bá ní ẹ̀rí CO2 rárá, 41 náà ni. Bí V.7 bá ṣófo lórí ìwé rẹ, má da ara rẹ láàmú: ẹ́ńjìnnì 2,568 cc tó gbé tọ́bò méjì kò lè wà nísàlẹ̀ 190 láéláé.

Ká ní wọ́n dá iye €100,000 lé e. VRT di €41,000. Wọ́n á tún gba owó èéfín NOx, tí kì í ju €600 lọ fún ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù. Bí o ò bá gbà pé iye tí wọ́n dá lé e tọ́, o lè pẹjọ́, ṣùgbọ́n o máa kọ́kọ́ sanwó ná. Sípéènì tó wà lọ́hùn-ún, 14.75 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìjọba àpapọ̀ wọn ga mọ, àwọn ẹkùn kan ló ń fi díẹ̀ kún un. Ti Denmark, níbi tó ti ga jù, dé 150.

Yé! Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú tà á ni?

Má tíì tà á. Ẹni tó ń kó ilé rẹ̀ bọ̀ wá sí Ireland lè bọ́ lọ́wọ́ VRT pátápátá. Ó gbọ́dọ̀ ti ní ọkọ̀ náà, kó sì ti máa lò ó lókè òkun, ó kéré tán oṣù 6 kó tó kó. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé láàárín oṣù 12 tó kó lọ. Lẹ́yìn tó bá gba nọ́ḿbà, kò gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ fi háyà, kò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ yá ẹnikẹ́ni títí oṣù 12 á fi pé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí náà ni. Ìwé iná, ìwé ilé, ìwé owó oṣù, ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ ní Jámánì: bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ láti òní. Ọkọ̀ asáré ṣòroó jẹ́rìí sí ju ọkọ̀ ọjà lọ, torí ọ̀pọ̀ a máa gbé e pa mọ́ sínú gáréèjì, wọ́n sì ń béèrè bóyá o lò ó lóòótọ́. Bó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́rin péré ló wà lọ́wọ́ rẹ, ìmọ̀ràn mi ni pé kó o dúró kí 6 pé kó o tó kó. Yàrá oṣù méjì ní Frankfurt kò lè wọ́n tó €41,600.

Ti VAT ńkọ́? Wọ́n ní tòkunbọ̀ kì í san án láti orílẹ̀-èdè EU kan sí èkejì.

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tó ti gbé àwọn olówó mì. Lójú òfin VAT, ọkọ̀ tí kò tíì pé oṣù 6, *tàbí* tí kò tíì rìn ju 6,000 kìlómítà lọ, ọkọ̀ tuntun ni, VAT rẹ̀ sì di ti orílẹ̀-èdè tó ń lọ. "Tàbí" yẹn ni kó o kíyè sí. Ẹni tó lọ ra Ferrari ọlọ́dún mẹ́wàá tó kàn ń bọ eruku nínú gáréèjì, tó rìn 4,000 kìlómítà péré, ọkọ̀ tuntun ló rà. Tìrẹ ti rìn ré kọjá ìyẹn tipẹ́.

Bó bá jẹ́ London lo ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ Japan tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé ń san owó ibodè 10 nínú ọgọ́rùn-ún àti VAT 23 kí wọ́n tó dé orí VRT rárá.

Mo fẹ́ wà á lọ fúnra mi ni.

Gba nọ́ḿbà ìkọ́jáde Jámánì, èyí tó ní àwọ̀ pupa lápá ọ̀tún pẹ̀lú ọjọ́ tó máa kú. Ìbánigbófò ń bá a rìn. Èyí tó ní àwọ̀ yẹ́lò, ọlọ́jọ́ 5 ni, má gbà á. Wà á dé Cherbourg ní Faransé, ọkọ̀ ojú omi á gbé ìwọ àti ẹ̀ dé Dublin.

Sálẹ́ńsà àti rọ́ọ̀mù tí mo yí padà ńkọ́?

Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ ní Jámánì, ọpẹ́ ni. Ìṣòro àwọn ará Jámánì lórí kíkọ gbogbo ǹkan sílẹ̀ máa ń dùn mọ́ni lọ́jọ́ báyìí. Èyí tí kò sí nínú ìwé, tú u kúrò kó o tó lọ.

Nọ́ḿbà wo ni wọ́n máa wá fún mi?

Nọ́ḿbà Ireland máa ń sọ ọjọ́ orí ọkọ̀ àti ìlú: ọdún tó kọ́kọ́ gba nọ́ḿbà níbikíbi láyé ló ń bẹ̀rẹ̀. Ibí ni ìwé Japan yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́rìí sí ọdún 2000, 00-D ni tìrẹ á fi bẹ̀rẹ̀, D fún Dublin, o sì gbọ́dọ̀ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ láàárín ọjọ́ 3. Owó orí ọdọọdún rẹ̀ á jẹ́ nípa bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, torí ó ti wà sáájú ọdún 2008. Ọdún 30 ni ọkọ̀ máa ń di ohun àtijọ́ tí VRT rẹ̀ jẹ́ €200 péré. Ti Skyline rẹ, 2030 ni.