Orúkọ Ìdílé Crowther

Crowther jẹ́ orúkọ ìdílé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ iṣẹ́ ni: ẹni tó bá ń fi crowd kọrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ohun èlò orin olókùn ni crowd, crwth sì ni àwọn ará Wales ń pè é. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, okùn mẹ́fà ló sì sábà máa ń ní. Ọrun kékeré ni wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀ bíi ti gòjé, ṣùgbọ́n méjì lára okùn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí àtàǹpàkò lè máa ta. Ká kúkú sọ pé "Onígòjé" ni Crowther.

Kí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ kò ní orúkọ ìdílé. Díẹ̀díẹ̀ ni àṣà náà tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà. Níbẹ̀rẹ̀, alágbẹ̀dẹ gan-an ló ń jẹ́ Smith, aránṣọ ló ń jẹ́ Taylor; nígbà tó yá, ọmọ ń jogún orúkọ bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹwìrì rí. Ó fara jọ orúkọ àwọn ọmọ Àyàn, bí Àyándélé àti Àyánwálé, tó ń fi ìdílé onílù hàn. Àmọ́ ọmọ Àyàn kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀, nígbà tí Crowther kì í yí padà láti bàbá dé ọmọ.

Apá ìwọ̀-oòrùn Yorkshire, ní agbègbè Halifax àti Huddersfield, ni orúkọ yìí ti pọ̀ jù. Crowder jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀. Lára àwọn tó jẹ́ ẹ ni Geoffrey Crowther, ọmọ Leeds tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn The Economist láti 1938 sí 1956, àti William Crowther tó ṣe olórí ìjọba Tasmania, erékùṣù kan ní Australia, láti 1878 sí 1879.

Láàárín Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ló sọ orúkọ náà di mímọ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró. Nígbà tó ṣèrìbọmi ní Ọjọ́ 11, Oṣù Kejìlá, 1825, wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà ìjọ Christ Church ní Newgate, London, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS. Orúkọ náà kò ti ọwọ́ ẹni tó rà á lẹ́rú wá rárá. Àjàyí, orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀, kò sì kúrò lára rẹ̀. Dandeson, ọmọ rẹ̀ tó di áṣídíákónì, ń jẹ́ Crowther lọ. Herbert Macaulay, tí Abigail ọmọbìnrin Àjàyí bí, orúkọ bàbá tirẹ̀ ló jẹ́, ìyẹn orúkọ tó ti ilẹ̀ Scotland wá.